Bàbá mi ọ́gáníìsì ń lọ sí Vienna: ọjọ́ mẹ́rin péré, níbo ni kí n mú wọn dé?

ỌmọỌ́gáníìsì kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ àwọn tó ti dé Vienna rí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀.

Bàbá mi pé ẹni ọdún 76 lóṣù tó kọjá. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi tẹ dùùrù ní ìjọ Áńgílíkà kan n'Ìjẹ̀bú-Òde. Pálọ̀ wa ni kúáyà ti máa ń kọ́ orin ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Bàbá á gbé pátákó sol-fa kọ́ ara ògiri, wọn á máa fi ọ̀pá tọ́ka sí i, ẹni tó bá ṣi ohùn kọ, ojú lásán ni wọn yóò fi wò ó, yóò sì tún un kọ. Haydn, Mozart, Handel, bí ẹni ń dárúkọ ará àdúgbò ni wọ́n ṣe ń dárúkọ wọn. Wọn ò dé Yúróòpù rí àfi ìgbà yìí tí wọ́n wá bá mi ní Leeds. Físà Schengen wọn ti jáde, mo dúpẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà la fẹ́ lọ. Ọjọ́bọ̀ la ó dé, àárọ̀ Ọjọ́ Ajé la ó padà. Orúnkún ọ̀tún ń yọ Bàbá lẹ́nu, wọn ò lè gun àtẹ̀gùn púpọ̀. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé níwájú ààfin la ó kàn ti ya fọ́tò tán ká máa bọ̀ nílé. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin níbi tí orin náà ti ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kò gbọdọ̀ fò wá dá?

Àṣàkẹ́_Favoriten kọ:

Ẹ káàbọ̀ o, àbúrò. Ẹ bá mi kí Bàbá gan-an. Ọdún kọkànlá mi rèé nílùú yìí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, mo sì ti mú àlejò rìn níbí kọjá òǹkà.

Ẹ ṣe é re pé ẹ mú oṣù Kẹfà. Ilé ópẹ́rà ìjọba, Staatsoper, kì í ṣí ní oṣù Keje àti Kẹjọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórin ńlá ni kì í sì í sí nílé nígbà náà. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí àwọn èèyàn tí wọ́n fò wá láti ọ̀nà jíjìn ní oṣù Kẹjọ, tí wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ mọ̀: ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó wọ wíìgì funfun lójú títì. Ẹ ó rí wọn ní ẹ̀bá ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Stephansdom àti níwájú ilé ópẹ́rà, wọ́n wọ kóòtù pupa gígùn bíi ti ayé Mozart, wọ́n sì mọ̀ọ́yàn pè. Orin tí wọ́n ń tà kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n wọ́n gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún àlejò ni: ìdajì orin tibí, ìbẹ̀rẹ̀ orin tọ̀hún. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún tẹ dùùrù yóò mọ̀ kí wọ́n tó dé orin kejì.

Ní Staatsoper, ibi ìdúró wà, wọ́n ń pè é ní Stehplatz. Owó rẹ̀ kò tó ogún yúrò, ẹ ó sì rí pèpéle ju àwọn mìíràn tó san ọgọ́rùn-ún lọ. Tí ẹ bá ti rí ààyè yín, ẹ so ìborùn tàbí síkáàfù mọ́ irin tó wà níwájú yín, ẹ lè wá lọ mumi. Kò sẹ́ni tó máa tú u. Ọdún kìíní mi níbí, mo so gèlè mi mọ́ irin yẹn, mo jáde lọ fún ìṣẹ́jú ogún, mo padà wá bá a bí mo ṣe so ó. Ṣùgbọ́n ìdúró wákàtí mẹ́ta kò yẹ orúnkún Bàbá. Ẹ wá ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí òpó tàbí ẹ̀gbẹ́ ògiri dí ojú rẹ̀ díẹ̀, owó rẹ̀ máa ń fúyẹ́. Etí ni Bàbá fẹ́ lò, àbí?

Tí ẹ ò bá rí tíkẹ́ẹ̀tì, ní oṣù Kẹrin, Karùn-ún, Kẹfà àti Kẹsàn-án, wọ́n máa ń gbé ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá kan sí ara ilé ópẹ́rà níta, tí wọ́n ń fi ohun tó ń lọ nínú ilé hàn lójú ẹsẹ̀. Àga wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Mo ti jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ mi, a gbé ìrẹsì lọ́wọ́.

Ti Sunday, mo ń bọ̀ wá sọ ọ́. Mo fẹ́ wọ iṣẹ́ báyìí.

Bọ̀dé_Dublin kọ:

Ẹ má bínú pé mo ya ọ̀nà díẹ̀. Ṣé Salzburg kò ní dára jù? Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Mozart, 27 oṣù Kìíní 1756, ìlú náà kéré, Bàbá kò ní rìn púpọ̀.

Àyánníyì kọ:

Bọ̀dé, òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Vienna ló yàn fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ló gbé fún ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn ayé rẹ̀. Beethoven wá láti Bonn ní 1792, kò padà mọ́. Brahms wá láti Hamburg. Nínú àwọn ńlá ńlá wọ̀nyẹn, Schubert ni ọmọ bíbí ìlú gan-an. Ìlú tó pe olórin wọlé tí olórin kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́, òun ni kí Bàbá rí. Ọjọ́ mẹ́rin kò tó fún ìlú méjì.

Èmi ọmọ Àyàn ni, nítorí náà àwọn Strauss ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lára níbẹ̀. Johann bàbá, Johann ọmọ, Josef, Eduard: ìdílé tó jogún orin bí a ṣe jogún ìlù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bàbá kò fẹ́ kí ọmọ ṣe é. Ilé ìfowópamọ́ ló fẹ́ kó ti máa ṣiṣẹ́, ìyá ló gbè é lẹ́yìn tó fi kọ́ fayolíìnì. Ní 1844 ọmọ kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ, ó sì di olórin tó bá bàbá rẹ̀ du ìlú kan náà. Nílé tiwa, bàbá mi ìbá ti kó gángan lé mi lọ́wọ́ kí n tó mọ̀ ọ́n rìn. Ère Johann ọmọ wà ní ọgbà Stadtpark, wúrà ni wọ́n kùn ún, ó gbé fayolíìnì léjìká. Ibẹ̀ tẹ́jú, àga sì pọ̀ níbẹ̀ fún àgbàlagbà.

ỌmọỌ́gáníìsì kọ:

Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́, mò ń retí ọ̀rọ̀ Sunday yẹn. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kà á sí wọn létí. Wọ́n ní kí n béèrè ibojì Mozart. Wọ́n ní wọ́n ti ń gbọ́ láti ilé ìwé pé wọ́n gbé e sọ sínú kòtò bí aláìní, òjò sì lé àwọn tó sìn ín padà. Ṣé ibẹ̀ ṣe é dé?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn kọ:

Ẹ kú ìmọ̀ràn, ẹ̀yin ará. Ó ṣe é dé o. Ibi ìsìnkú St. Marx ni, wọn kò sin ẹnikẹ́ni síbẹ̀ mọ́ láti nǹkan bí 150 ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé ìtàn aláìní yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Ọba Joseph Kejì ni. Ó ti pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa sin òkú sí ẹ̀yìn odi ìlú, láìsí ariwo ńlá, láìsí òkúta ńlá, nítorí ìlera àti ìnáwó. Bí wọ́n ṣe ń sin ọ̀pọ̀ ará ìlú tí kì í ṣe ìjòyè nìyẹn. Wọ́n gbàdúrà sí òkú Mozart lórí ní Stephansdom ní oṣù Kejìlá 1791, wọ́n sì gbé e lọ sí St. Marx. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá, wọ́n máa ń tú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lò fún ẹlòmíì. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Constanze, lọ wá ibojì náà ní 1808, kò sẹ́ni tó lè fi ibẹ̀ hàn án mọ́. Áńgẹ́lì kan tó fara ti òpó tó ṣẹ́ ni wọ́n gbé síbẹ̀ lónìí, níbi tí wọ́n rò pé ó wà.

Ibojì Beethoven àti Schubert wà ní Zentralfriedhof, ibi ìsìnkú ńlá ìlú náà, pẹ̀lú Brahms àti Strauss ọmọ, àti òkúta ìrántí fún Mozart láàárín wọn. Apá 32A ni, kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà kejì. Beethoven àti Schubert kọ́kọ́ wà ní ibi ìsìnkú Währing, 1888 ni wọ́n tó kó wọn wá. Schubert gbé iná lọ́wọ́ níbi ìsìnkú Beethoven ní 1827. Ọdún tó tẹ̀ lé e lòun náà kú, ẹni ọdún 31.

Tíráàmù 71 ló ń gba ẹ̀gbẹ́ St. Marx kọjá lọ sí Zentralfriedhof. Tí ará Vienna bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan ti papò dà, wọn á ní ó ti wọ 71. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn ló sùn síbẹ̀, àwọn tó wà láàyè nínú ìlú sì jẹ́ bíi mílíọ̀nù méjì. Bọ́ọ̀sì kan wà tó ń rìn nínú ọgbà náà, ẹ wọ̀ ọ́ nítorí orúnkún.

Àṣàkẹ́_Favoriten kọ:

Mo ti dé. Ọ̀rọ̀ Sunday nìyí, tí ẹ bá fẹ́ fo gbogbo èyí tó kù, ẹ má fo eléyìí.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ààfin Hofburg, Augustinerkirche ni orúkọ rẹ̀. Ní aago mọ́kànlá àárọ̀ Sunday, Máàsì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kì í ṣe eré ìtàgé. Ṣùgbọ́n orin Máàsì náà lè jẹ́ ti Haydn, ti Mozart tàbí ti Schubert, pẹ̀lú kúáyà, ẹgbẹ́ olórin àti dùùrù. Kyrie á wá sí àyè Kyrie, Gloria á wá sí àyè Gloria, àlùfáà á gbàdúrà láàárín wọn. Ohun tí wọ́n kọ orin náà fún gan-an nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó fi ohun tí ẹ bá ní sínú igbá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ Máàsì kẹta Bruckner ní 1872, òun fúnra rẹ̀ ló darí rẹ̀. Olùtẹ dùùrù bíi Bàbá ni Bruckner, wọ́n á fẹ́ràn láti mọ̀ ọ́n. Ẹ dé ṣáájú aago mẹ́wàá ààbọ̀ kí ẹ lè jókòó, ibẹ̀ máa ń kún.

Àwọn ọmọkùnrin akọrin Vienna náà máa ń kọrin Máàsì ní ilé ìsìn ààfin ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 15, Sunday kan náà, ṣùgbọ́n ìjókòó níbẹ̀ owó ni, wọ́n sì wà lókè lẹ́yìn, ẹ ò ní rí wọn. Èmi á ní kí ẹ lọ sí Augustiner.

Ní Stephansdom: ilé ìṣọ́ gúúsù jẹ́ mítà 136, àtẹ̀gùn 343 ló wà níbẹ̀. Ẹ má dán an wò. Ti àríwá ní lííftì, ibẹ̀ sì ni agogo Pummerin wà, ó lé ní 20 tọ́ọ̀nù. Èyí àtijọ́, inú àgbá ogun tí àwọn Tọ́kì fi sílẹ̀ ní 1683 ni wọ́n ti rọ ọ́. Ó já lulẹ̀ nígbà tí iná jó ṣọ́ọ̀ṣì ní oṣù Kẹrin 1945, wọ́n fi àfọ́kù rẹ̀ rọ tuntun ní 1951. Iná yẹn ló jó dùùrù ńlá náà. 2020 ni wọ́n ṣí èyí tó wà níbẹ̀ báyìí. Kí Bàbá yíjú sẹ́yìn, lókè ẹnu ọ̀nà ńlá, kí wọ́n wo páìpù wọ̀nyẹn. Haydn kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn láti ọmọ ọdún mẹ́jọ títí ohùn rẹ̀ fi kẹ̀.

Nǹkan kékeré kan: ẹ tẹ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yín mọ́ ẹ̀rọ búlúù kí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti mú èmi rí níbì kan, tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ mi, mi ò tẹ̀ ẹ́ ni, owó ìtanràn tí mo san dùn mí fún oṣù kan. Ẹ má ra omi. Láti orí òkè Alps ni wọ́n ti fà á wá láti 1873, ó tutù, ó mọ́. Ṣọ́ọ̀bù máa ń tì ní Sunday, ẹ ra oúnjẹ sílẹ̀ ní Sátidé.

Olóhùn_Tẹ́nọ̀ kọ:

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kíákíá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Bàbá nípa orin kan tí a ń kọ nípa Síónì, ìlú Ọlọ́run, tí orúkọ ohùn rẹ̀ nínú ìwé orin jẹ́ Austria. Haydn ló kọ ohùn yẹn ní 1797 fún ọjọ́ ìbí Ọba Franz. Òun náà ni àwọn Jámánì fi ń kọ orin orílẹ̀-èdè wọn lónìí. Ilé tí Haydn gbé ní ọdún méjìlá tó kẹ́yìn ayé rẹ̀ wà ní Haydngasse 19, ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Zieglergasse lórí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ U3, ìrìn díẹ̀ ni. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Napoleon ń yìnbọn sí ìlú ní oṣù Karùn-ún 1809, bàbá arúgbó náà ń jókòó ti píánò rẹ̀, orin yẹn ló ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Ọjọ́ 31 oṣù náà ló kú.

Àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀. Ilé Mozart ní Domgasse 5 ni wọ́n ń tò sí. Èmi lọ sí méjèèjì, ti Haydn ló wà lọ́kàn mi di òní.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn kọ:

Ẹ ṣeun, Olóhùn_Tẹ́nọ̀. Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí ọmọ Adúláwọ̀ tó bá dé Vienna mọ̀.

Tí ẹ bá jáde ní Augustinerkirche, gbàgede Josefsplatz lẹ ó bọ́ sí. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Angelo Soliman. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n jí i gbé ní Áfíríkà tí wọ́n sì tà á. Orúkọ ilé tó sọ pé òun ń jẹ́ ni Mmadi Make, àwọn onímọ̀ kan sì rò pé ọmọ Kanúrì ni, láti agbègbè Borno. Ó dàgbà sí ilé àwọn ìjòyè, ó gbọ́ èdè púpọ̀, ó fẹ́ ìyàwó ní Stephansdom ní 1768, ó tọ́ ọmọ ọba. Ẹgbẹ́ Mọ̀sọ́nì tó wà nínú rẹ̀ ni Haydn náà wọ̀ ní 1785, Mozart sì máa ń bẹ̀ wọ́n wò. Èèyàn pàtàkì ni láàárín wọn.

Nígbà tó kú ní 1796, wọ́n bó awọ ara rẹ̀, wọ́n ki nǹkan sínú rẹ̀, wọ́n so ìyẹ́ mọ́ ọn lórí, wọ́n gbé e kalẹ̀ láàárín ẹranko nínú ilé àkójọ Ọba, níbẹ̀ yẹn, ní Josefsplatz. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Josephine, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní òkú bàbá òun kí òun sin ín. Wọn kò dá a lóhùn. Iná ogun 1848 ló jó o.

Èmi kì í gba ibẹ̀ kọjá láìdúró.

ÌyáTóyìn kọ:

Ẹ dákun, mo bẹ̀ yín. Bàbá ẹni ọdún 76 ń lọ gbọ́ orin, ẹ wá ń sọ ti awọ èèyàn fún wọn. Kí n má rí i. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà jẹ ìgbádùn wọn ní àlàáfíà. Ẹ mú wọn lọ sí ààfin Schönbrunn, ọgbà ibẹ̀ lẹ́wà, ọ̀fẹ́ ni ẹ fi ń wọ inú ọgbà. Mozart ẹni ọdún mẹ́fà tẹ dùùrù fún Maria Theresia ní ààfin yẹn ní 1762. Ìtàn ayọ̀ nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn kọ:

Mo gbọ́ yín, Màmá, ẹ má bínú. Ìfẹ́ ni mo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn kò ní ibojì tí a lè gbé òdòdó lọ. Tí àwa tí a jọ ti apá ibì kan wá kò bá dárúkọ rẹ̀, mi ò mọ ẹni tí yóò dá a.

Mo ní ti ayọ̀ náà. Ẹ lọ sí Augarten, ọgbà ìtura ni. Ní 24 oṣù Karùn-ún 1803, ní àárọ̀ kùtùkùtù, Beethoven jókòó ti píánò níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ kan tó ń jẹ́ George Bridgetower dúró ti fayolíìnì. Bàbá rẹ̀ ti erékùṣù Karibéánì wá. Yíǹkì ìwé orin náà ṣì tutù, Beethoven kò tíì kọ ọ́ tán dáadáa, Bridgetower ń wo ìwé láti orí èjìká rẹ̀. Orúkọ Bridgetower ni Beethoven kọ́kọ́ kọ sórí orin yẹn. Lẹ́yìn náà ni ìjà dé, ó sì fi orúkọ Kreutzer sí i, olórin fayolíìnì mìíràn tí kò fìgbà kan lù ú fún aráyé. Orúkọ Kreutzer ló wà lára rẹ̀ di òní. Ṣùgbọ́n a mọ ẹni tó kọ́kọ́ lù ú.

ÌyáTóyìn kọ:

Ó dáa, ọmọ mi. Mo gbọ́. Kí Bàbá fúnra wọn yàn.

Bọ̀dé_Dublin kọ:

Mo ti gbà nípa Vienna o. Ìbéèrè kan: ṣé òótọ́ ni pé àwọn ère Bìní wà níbẹ̀?

Àṣàkẹ́_Favoriten kọ:

Òótọ́ ni. Weltmuseum ni, ní Heldenplatz, nínú Hofburg kan náà. Lára ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Bìní ní 1897 ni, àwọn oníṣòwò tà wọ́n káàkiri Yúróòpù. Mo mú àwọn ọmọ mi lọ wò wọ́n lọ́dọọdún. Ọmọ mi kékeré béèrè lọ́wọ́ mi pé ìgbà wo ni wọ́n máa lọ sílé. Mo ní kí ó máa béèrè lọ.

ỌmọỌ́gáníìsì kọ:

Ẹ̀yin ará, a ti lọ, a ti bọ̀. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ṣèlérí pé mo máa jábọ̀.

A kò rí ìjókòó olówó pọ́ọ́kú ní Staatsoper, nítorí náà a jókòó níta ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì níwájú ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá náà. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀ Bàbá. Obìnrin òyìnbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sọ fún wọn pé bọ́ǹbù jó ilé yẹn ní oṣù Kẹta 1945, àti pé nígbà tí wọ́n tún un ṣí ní 1955, Fidelio ti Beethoven ni wọ́n fi ṣí i. Ó ní ìyá òun wà láàárín àwọn tó dúró níta lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí wọ́n ń gbọ́ ọ láti inú ẹ̀rọ. Bàbá ní kó bá wọn kí ìyá rẹ̀. Ó ní ìyá ti wọ 71. Mo rí i pé Bàbá lóye kí n tó túmọ̀ rẹ̀.

Sátidé, Zentralfriedhof ní àárọ̀, Stadtpark ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbojì. Wọ́n kàn ń wo bí Schubert àti Beethoven ṣe súnmọ́ ara wọn tó.

Sunday, a dé Augustiner ní aago mẹ́wàá. Máàsì Haydn ni wọ́n kọ. Mo ti gbọ́ kí Bàbá fi sol-fa kọ́ àwọn èèyàn nínú pálọ̀ wa láti kékeré, mi ò rí wọn kí omi jáde lójú wọn rí nítorí orin. Ó jáde. Nígbà tí dùùrù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ìparí, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, èyí tó ń dùn wọ́n, ń tẹ pẹ́dáàlì lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò mọ̀ pé mo ń wò.

Mo ti sọ ti Soliman fún wọn ṣáájú, mo ní kí wọ́n yàn bí Màmá ÌyáTóyìn ṣe wí. Wọ́n jáde sí Josefsplatz, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Mo ní Mmadi Make. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní "sùn re o," wọ́n dé fìlà wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn la lọ sí Haydngasse. Olóhùn_Tẹ́nọ̀, kò sí ju èèyàn mẹ́rin lọ nínú ilé náà. Bàbá fi ọwọ́ ra irin àtẹ̀gùn lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Nínú yàrá kan lókè wọ́n dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ ọ́: dò, rè, mí, rè, fá, mí, rè, tì, dò. Obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá náà dìde. Mo rò pé ó fẹ́ ní kí wọ́n dákẹ́. Ó fi ohùn kejì gbè é. Òun kò gbọ́ Yorùbá, Bàbá kò gbọ́ Jámánì, wọ́n kọ ọ́ dé òpin.

Nínú tíráàmù, Bàbá gba fóònù mi, wọ́n pe ọ̀gá akọrin ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ní Sunday tó ń bọ̀ orin Síónì ni kí wọ́n fi wọlé, kí wọ́n sì fà á, torí ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sá a léré.